Àmì-Ẹ̀yẹ Asọ̀rọ̀mábò

Nígbà tí orúkọ yẹn kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn, bàbá obìnrin méjì tí ìtàn yìí dá lé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ṣì wà láyé. Ìyá wọn wà láyé. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tó máa ń súfèé bí ẹyẹ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wà láyé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, tí ẹnikẹ́ni kò tó bá jiyàn, náà wà láyé. Ká sọ òótọ́, òun ló wà láyé jù nínú wọn, nítorí ohùn rẹ̀ nìkan ti tó kún ilé.

Àǹtí yìí ló se ọbẹ̀ wá fún wọn lọ́jọ́ kan. Ọbẹ̀ náà ti kan kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà wá mú ìkòkò rẹ̀, ó jókòó, ó nasẹ̀, ó ní, "Ọbẹ̀ mi ńkọ́?" Ìyá wọn ní, "Háà, ẹ ṣeun o, Àǹtí. Díẹ̀ ló kù ká lá àwo mọ́ ọn." Àṣé ọmọbìnrin àgbà ti wọlé dé, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ajá ló lá a, Àǹtí. Ó sì ti ń bì láti àná."

Bàbá di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó ní, "Èmi ò mọ ibi tí a ti rí ọmọ yìí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bo ọ̀rọ̀ rárá. Asọ̀rọ̀mábò ni." Àǹtí kò gbé ọbẹ̀ wá fún wọn mọ́ títí ó fi kú, ìyá wọn sì sọ pé nínú ibi ni ire ń gbé wá.

Bí orúkọ ṣe mọ́ ọmọ lára nìyẹn. Inú ilé nìkan ló mọ sí. Ará ìta kò pè é bẹ́ẹ̀, ọkọ tó fẹ́ níkẹyìn kò pè é bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní yàrá yẹn lọ́jọ́ ọbẹ̀, ikú ti kó wọn tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi ẹni méjì: ẹni tó ni orúkọ, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jókòó sábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ náà, tó ń fa àtàǹpàkò mu. Kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe ìyẹn. Kékeré ti ṣe aránṣọ títí abẹ́rẹ́ fi ń sá fún ojú rẹ̀, ó ti gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, síbẹ̀ Kékeré náà ni lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di opó, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì Asọ̀rọ̀mábò wà ní òdìkejì, kí wọ́n lè máa rí ara wọn sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ atẹ̀wé ni Asọ̀rọ̀mábò bá wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àwọn ọkùnrin á kọ tiwọn játijàti, òun á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣeé kà. Lọ́jọ́ kan, inú bí i sí afárá kan tí wọ́n ṣí tìlù-tìfọn, tó wó nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ó tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí bébà, ó sì gbàgbé bébà náà sáàárín iṣẹ́ àwọn yòókù. Olóòtú ìgbà náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, kà á, ó jáde wá síwájú gbogbo wọn.

"Ta ló kọ èyí?"

Asọ̀rọ̀mábò nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Onígíláàsì pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo máa gbé e jáde. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi orúkọ rẹ sí i, àwọn tó kọ́ afárá yẹn ò ní jẹ́ kí o délé láyọ̀. Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé?"

Ojú tì í, ó sì sọ ọ́. Onígíláàsì rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé ìròyìn náà di ti Asọ̀rọ̀mábò. Òun àti Onígíláàsì nìkan ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Tí ó bá ti tẹ iṣẹ́ àwọn yòókù tán, a tẹ tirẹ̀, a gbé e fún olóòtú bí ẹni gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ ò rí ayé! Gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ obìnrin yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí. Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan jókòó tì í, ó na ìwé ìròyìn, ó ní, "Asọ̀rọ̀mábò yìí! Bí mo bá mọ ilé ẹ̀ ni, màá fọ́ eyín ẹ̀." Asọ̀rọ̀mábò di báàgì rẹ̀ mú, ó ń wo ìta. Ó délé, ó sọ fún Kékeré, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Kékeré rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

Onígíláàsì ṣàìsàn, ó kú, kò sì ṣí i payá fún ẹnikẹ́ni. Olóòtú mìíràn dé, òmíràn tún dé. Wọ́n ṣáà ń rí iṣẹ́ lórí tábìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn ò bèèrè ẹni tó ń gbé e síbẹ̀. Ìgbà tí Asọ̀rọ̀mábò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni tábìlì ṣófo. Wọ́n bá mú akọ̀ròyìn kan, wọ́n ní kí ó máa kọ ojú ewé náà lọ, kí orúkọ náà má bàa kú. Ìyẹn lọ, òmíràn bọ́ sí i, títí tó fi kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Gíga. Asọ̀rọ̀mábò gan-an a jókòó sílé, a ka ohun tí wọ́n ń kọ, a pòṣé. "Kékeré, èyí náà ń bo ọ̀rọ̀."

Wàyí o, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé àti akọ̀ròyìn ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń fún àwọn tó bá ṣe bẹbẹ lọ́dọọdún. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, rédíò gbé e lówùúrọ̀ pé àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù bọ́ sọ́wọ́ Asọ̀rọ̀mábò, nítorí iṣẹ́ tí orúkọ náà ti ṣe láti ìgbà pípẹ́ wá.

Kékeré fi ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wo bẹ́ẹ̀dì. Asọ̀rọ̀mábò ti dìde jókòó, ó fọwọ́ di àyà mú. Ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, dókítà sì ti sọ fún Kékeré ní kọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó banú jẹ́.

Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Gbọ́, Kékeré, kì í ṣe pátákó tí wọ́n máa gbé fún mi ni mo fẹ́. Kí ẹnì kan ṣáà dìde níwájú àwọn èèyàn, kí ó nawọ́ sí mi, kí ó ní obìnrin yìí ló kọ ọ́. Kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ kí n tó lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọjọ́ náà gan-an ni Kékeré gé aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ti ń tọ́jú sínú àpótí. Ojú kò gbé abẹ́rẹ́ mọ́, síbẹ̀ ó rán an, ó fi ìka tẹ ojú ìrán bí afọ́jú. Ọmọ rẹ̀ bá a gbé ọ̀rọ̀ dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pé ẹni tí wọ́n ń wá rèé o, ó wà láàyè, ó ń gbé nílé àbúrò rẹ̀.

Olóòtú tuntun wá fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni, ó wọ kóòtù, ó gbé agolo bisikíìtì kan dání. Ó kí wọn dáadáa, ó jókòó sí etí àga.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé mi wá."

Kékeré wo agolo náà. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré kì í ru bisikíìtì.

Olóòtú ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Asọ̀rọ̀mábò kì í ṣe èèyàn, mà. Àga ni. Ẹni tó bá jókòó lórí àga náà lónìí, òun ni Asọ̀rọ̀mábò. Gíga ló wà níbẹ̀ báyìí, Gíga ni yóò gorí ìtàgé."

"Àga?" ni Asọ̀rọ̀mábò wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bàbá mi ló sọ mí ní orúkọ yẹn."

"Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé ni wọ́n mọ̀ yín sí lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá ní ẹlẹ́rìí kan, ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀..."

"Èmi nìyí," ni Kékeré wí.

"Àbúrò wọn ni yín, mà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rí àbúrò fún ẹ̀gbọ́n..."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ẹnu àbúrò kì í ṣe ẹnu ni? Àbí o fẹ́ kí n lọ jí bàbá mi ní ibojì, kí n fa ìyá mi lọ́wọ́, kí n kó gbogbo wọn wá sí ọ́fíìsì rẹ, kí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà?"

Olóòtú ń nu ojú. "Màmá, kò tó ìjà. A ti fi àga iwájú sílẹ̀ fún yín. A ó pè yín ní ìyá ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún yín."

"Ìyá ilé iṣẹ́," ni Kékeré wí. "Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, ẹ wá fún ìyá ní àga tí yóò fi máa wò ó. Gbé bisikíìtì rẹ, ọmọ mi. Kò sí eyín tó lè jẹ ẹ́ nínú ilé yìí."

Nígbà tí ó lọ tán, Kékeré kò lè ránṣọ. Ó ń rìn káàkiri yàrá. "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà! Ẹ ò ní lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ wíwú lọ pàtẹ́wọ́ fún olè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

"Mo mọ òwe náà," ni Asọ̀rọ̀mábò dáhùn. "Ọjọ́ kan yẹn ni mi ò mọ̀ bóyá ó máa bá mi níbí. Màá lọ. Ojú loògùn ìtìjú. Bóyá tí wọ́n bá rí mi, ẹnì kan á sọ ọ́."

Wọ́n lọ. Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bo àga rẹ̀, tí fáànù àjà ń yí bí ẹni tí iṣẹ́ sú. Asọ̀rọ̀mábò wọ aṣọ búlúù. Kékeré gbé e jókòó, ó fi àpò rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ Kékeré ni obìnrin kan jókòó sí, ara rẹ̀ ta pọ́ún-pọ́ún, ọwọ́ rẹ̀ bó bí ọwọ́ ẹni tó ti fi ọṣẹ ṣiṣẹ́ jẹun. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

Ó ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi. Ṣé tiyín náà máa gbà lónìí?"

Kékeré ní, "Wọ́n ní rárá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ temi ló gba èyí tó ga jù. Alágbàfọ̀ ni mí, ẹ wo ọwọ́ mi. Aṣọ ni mo fọ̀ tí mo fi rán an nílé ìwé. Mi ò mọ̀ọ́kà, àmọ́ wọ́n ní tó bá kọ̀wé, ẹ̀rù a máa ba àwọn ọlọ́lá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹnu yẹn."

Kékeré wo ojú obìnrin náà, inú tó fẹ́ bí i sí i kò rí ibi dúró sí. Ó kàn ní, "Ẹ kú oríire o."

Ẹgbẹ́ yìí ní àṣà kan. A kì í gba àmì-ẹ̀yẹ wọn lẹ́nu dídákẹ́. Àwọn adájọ́ a mú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹni náà ti kọ, òun fúnra rẹ̀ a sì fi ohùn ara rẹ̀ kà á lórí ìtàgé kí wọ́n tó gbé pátákó fún un. Nínú gbogbo iṣẹ́ Asọ̀rọ̀mábò, ọ̀kan wà tí kò sí ilé tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òun náà ni wọ́n mú. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó mú un kò fi ara balẹ̀ ro ohun tó wà nínú rẹ̀.

Gíga gorí ìtàgé. Ó ga lóòótọ́, ó ní láti tẹ orí ba kí ẹnu rẹ̀ tó kan maikirofóònù. Ó la bébà, ó bẹ̀rẹ̀:

"Ìyá mi kú lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ 'Ìlera Lọrọ̀' sí. Àbúrò mi obìnrin ń fi pálí fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nọ́ọ̀sì kọjá, ó ní dókítà wà ní ìpàdé. Ó tún kọjá, ó ní ìpàdé ò tíì parí. Nígbà tí ìpàdé parí, ìyá mi náà ti parí..."

Kékeré mọ pálí náà. Pálí bàtà ni. Ó rántí bí etí rẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́, ó rántí bí ìyá ṣe ní, "Ó ti tó, Kékeré, ọwọ́ á máa ro ọ́." Ikú ìyá wọn nìyẹn, lẹ́nu ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń kà á pẹ̀lú ohùn ẹkún díẹ̀, bí ẹni tó ti dánra wò níwájú dígí. Kékeré yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Asọ̀rọ̀mábò ti di ojú pọ̀.

Kékeré fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dìde ṣáájú rẹ̀.

"Ìwọ Gíga!" Alágbàfọ̀ ni. "Ìyá wo ló kú?"

Gíga gbé ojú kúrò lórí bébà. Gbogbo orí yí padà.

"Mo ní ìyá wo? Ìyá mélòó lo ní? Ta ló pa mí? Lórí bẹ́ǹṣì wo?" Obìnrin náà ti bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó ń fọwọ́ gbá àyà. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wò mí o! Ẹ fọwọ́ kàn mí! Mi ò kú o! Mo fọ aṣọ wá síbí ní àárọ̀ yìí ni!"

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Olùdarí ètò sáré gba maikirofóònù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọgbọ́n ìkọ̀wé ni."

"Ọgbọ́n wo ló ń pa ìyá ẹni tó ṣì ń mí? Ikú lo ń pè wá bá mi yìí? Àbúrò obìnrin wo sì ni? Ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo bí! Bí kì í bá ṣe èmi ni ìyá tó kú, sọ ẹni tó ni ín!"

Kékeré dìde wàyí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ti dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. "Ìyá wa ni. Èmi ni mo mú pálí náà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó yìí ló kọ ọ́. Òun ni Asọ̀rọ̀mábò."

Asọ̀rọ̀mábò di ẹ̀yìn àga iwájú mú, ó dìde. Ó la ẹnu. Èémí kò tó o. Ohun tó jáde kò ju "Ìyá mi ni" lọ, àwọn tó wà nítòsí nìkan ló sì gbọ́ ọ. Gbogbo èèyàn wá ń wo Gíga. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ ti tó. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo olóòtú tó ń mi orí sí i láti ìsàlẹ̀, ó sì tẹ orí ba. Ẹnì kan ní kí àwọn onílù ìgbàlódé máa lu tiwọn. Orin bò ó mọ́lẹ̀. Gíga kò lè nawọ́, olóòtú ló bá a gba pátákó. Wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò.

Alága àwọn adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí irun rẹ̀ ti funfun báláú, pè wọ́n sí yàrá kan lẹ́yìn ètò. Ó fún wọn ní omi. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi náà.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ó dùn mí. Àwa adájọ́ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni a fi àmì-ẹ̀yẹ dá lọ́lá, ilé iṣẹ́ ló sì ni orúkọ. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, a lè wá nǹkan kékeré kan fún wọn. Ìwé ìdúpẹ́, fún bí wọ́n ṣe pẹ́ nídìí iṣẹ́ atẹ̀wé."

Kékeré gbé ife omi sílẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ní ìyá rí?"

"Mo ní, mà."

"Tí mo bá mú ikú rẹ̀, tí mo lọ fi gba ẹ̀bùn, tí ẹ wá bá mi, tí mo ní kí ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí lẹ máa pè mí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo fèrèsé. Asọ̀rọ̀mábò fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ léjìká. "Jẹ́ ká máa lọ, Kékeré. Àwọn yìí mọ̀. Wọn ò fẹ́ wí ni."

Ìwé ìròyìn jáde. Fọ́tò olóòtú àti Gíga wà níwájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀ pé Asọ̀rọ̀mábò gba adé. Wọn ò mẹ́nu kan ìyá tó dìde. Kékeré fi ojú ewé náà gé bátánì apá aṣọ, ó gba àárín orí olóòtú kọjá pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ sí i ni alágbàfọ̀ kan ilẹ̀kùn wọn. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fa ewúrẹ́, ó gbé pátákó àmì-ẹ̀yẹ há abíyá. Ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó tún fipá mú ọmọ kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì wá. Mi ò mọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gba ojúde kọjá. Ẹ gba nǹkan yín."

Asọ̀rọ̀mábò wo pátákó náà. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin lẹ bá mi sọ̀rọ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ igi." Ó yíjú sí Gíga. "Ojú ewé náà wà lọ́wọ́ rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí o kà kì í ṣe tìrẹ, kí o sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo. Mo ti tẹ ọ̀pọ̀ ìlà fún irú yín, ẹ ya ìlà kan fún mi."

"Màá kọ ọ́, mà," ni Gíga wí. Omi wà lójú rẹ̀, Kékeré sì gbà á gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, Kékeré ń ra ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Yóò wọ gíláàsì rẹ̀, yóò máa fi ìka tọ ìlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò yá nínú ìwé kíkà. Asọ̀rọ̀mábò yóò bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ eruku ló ń sọ."

Ọ̀sẹ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí kì í kí àgbà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn máa sọ òótọ́. Èyí ló bí Kékeré nínú jù. Ó wọ bàtà, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn títí Gíga fi jáde.

"Mo kọ ọ́, mà," ni Gíga wí kí Kékeré tó la ẹnu. "Olóòtú yọ ọ́. Ó ní ọjọ́ tí mo bá tún kọ ọ́ ni kí n gba ilé lọ."

"Kí ni ìwọ wá wí?"

"Mo ní ọmọ nílé, mà."

"O ní ọmọ. Ó dáa. Ẹni tó ní ọmọ ló yẹ kó mọ̀ pé ìyá kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń yá lò."

Kékeré fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń dá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń yà fún un.

Ara Asọ̀rọ̀mábò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Wíwú ẹsẹ̀ gun orókún. Kò jẹun tán mọ́. Ìbéèrè kan náà ló kù lẹ́nu rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn máa ń jáde, Kékeré fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà.

"Ṣé ó ti dé?" ni Asọ̀rọ̀mábò bèèrè.

Kékeré wo orí tábìlì. Ìwé ìròyìn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká. Ó mú un, ó wọ gíláàsì, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka sórí ìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Èmi tí mo ń kọ ojú ewé yìí fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá tó kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan ló kọ ọ́, atẹ̀wé ni, bàbá rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mábò..."

Ọwọ́ tútù kan bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀.

"Kékeré."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Mo rí ibi tí omi tíì ti dà sí i lára." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí kò jẹ́. "O mọ̀ ọ́n kọ ju ọmọ yẹn lọ. Àmọ́ má bo ọ̀rọ̀ fún mi."

Kékeré sunkún. Asọ̀rọ̀mábò ní kí ó ṣí fèrèsé, ooru ń mú òun. Kékeré mú ìwé ìròyìn náà, ó ń fi fẹ́ atẹ́gùn sí i. Asọ̀rọ̀mábò di ojú pọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Kékeré ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, ọwọ́ ń ro ó, kò sì dáwọ́ dúró, títí ó fi wò ó dáadáa tó rí i pé kò sí ẹni tí òun ń fẹ́ atẹ́gùn sí mọ́.

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé àyà. Ìgbà náà ni ohùn kan gba fèrèsé wọlé, ohùn ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta ìwé ìròyìn.

"Asọ̀rọ̀mábò ti dé o! Asọ̀rọ̀mábò tọ̀sẹ̀ yìí!"

Kékeré jáde sójúde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Má pè é mọ́," ló wí. "Asọ̀rọ̀mábò ti kú."

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó na ìwé ìròyìn kan sí i. "Ó kú báwo, màmá? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé e dé ni. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń gbóná."

"Ó kú ní àárọ̀ yìí, nínú yàrá mi. Lọ sọ fún wọn níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà, ó wo ojú rẹ̀, ó rò pé orí ìyá yìí ti yí. Ó ní kí ó pẹ̀lẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ náà lọ láti ilé dé ilé, títí ó fi yà ní kọ́nà.